Ihò Tó Wà Lára Ògiri Yàrá Màmá

Àtìní, 3/11/2025
Akunlé dé lónìí. Kọ́lápọ̀ lorúkọ rẹ̀. Yàrá Màmá ló ti bẹ̀rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ rárá — mo ti sọ ọ́ ní Dákẹ́. Ẹni tí kì í sọ̀rọ̀, ta ló mọ ohun tó ń rò? Mo gbé àpótí Màmá sí yàrá tèmi, mo tì í.

Àtàláátà, 4/11
Ó ti ba ògiri jẹ́. Mo ti ìsọ̀ ìborùn mi ní Ọjà Tuntun dé, mo bá ihò, ó fẹ̀ tó abọ́ ìfọṣọ, níbi tí Màmá ń gbé orí sí gan-an. Dákẹ́ ní, "Ìyá Nusaybah, ọ̀dà àtijọ́ ni mò ń ha tó fi já lulẹ̀." Ó ní kíkùn lòun gbà, rírẹ́ ògiri kò sí nínú àdéhùn. Mo ní ẹni tó bà á jẹ́ ni yóò tún un ṣe. Ó ń wolẹ̀.

Àlàrùba, 5/11
Mo pe Bọ̀dá Láwàl, ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló mọ ògiri yẹn padà nígbà tí òjò wó o lọ́dún 2014, Bàbá ṣì wà láyé. Ó ní bí àwọn akunlé ṣe ń ṣe nìyẹn: wọn á gbẹ́ ògiri, wọn á wá mú bíríkìlà ọ̀rẹ́ wọn wá. "Ní kó dí i lónìí, kó kùn ún. Má jẹ́ kó gbẹ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ." Ó tún pè lọ́sàn-án. Ó tún pè lẹ́yìn ìrun Àsárì. Ó dára kéèyàn ní ẹ̀gbọ́n.

Àlàmísì, 6/11
Ihò náà ti fẹ̀ sí i. Ta ló ń gbẹ́ ẹ?

Jímọ̀, 7/11
Ọwọ́ mi tẹ̀ ẹ́. Mo yọ́ wọlé kí wọ́n tó kírun Jímọ̀. Dákẹ́ gbé etí lé ògiri, ó ń fi ìka kàn án. Kí ló ń wá níbẹ̀? "Ẹ wá gbọ́ ọ, mà." Mi ò sún mọ́ ọn. Mo ní kó kó búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀, kó máa lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà: "Kò burú. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí Màmá sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn mọ́."
Ṣé ó ń halẹ̀ mọ́ mi ni?

Sátidé, 8/11
Mo gbé bẹ́ẹ̀dì Màmá lọ sí pálọ̀. Ó bá mi jà, ó ní yàrá òun lòun fẹ́. Mi ò gba Dákẹ́ gbọ́, síbẹ̀ mo ṣe ohun tó wí.

Àtìní, 10/11
Mo fúnra mi wá bíríkìlà ní Gàmbàrí, ẹni tí kò mọ Dákẹ́ rí. Ó ti ọwọ́ bọ inú ihò. Ó fa páálí jáde. Páálí mìíràn. Àpò sìmẹ́ńtì òfìfo. Amọ̀. Kò sí búlọ́ọ̀kù kankan níbẹ̀ — wọ́n kàn rẹ́ sìmẹ́ńtì fẹ́lẹ́ bò ó. Ó ní, "Ta ló mọ ògiri yìí fún yín?"
Mo fa fóònù yọ, mo pe ẹ̀gbọ́n mi.
Bọ̀dá Láwàl kò gbé fóònù.

Àtàláátà, 11/11
Mo lọ bẹ Kọ́lápọ̀ nílé rẹ̀ lẹ́yìn Ọjà-Ọba. Ojú tì mí. Ohun kan ṣoṣo ló bi mí: ṣé Màmá ti kúrò níbẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mí kanlẹ̀.

Àlàrùba, 12/11
Mo sọ fún Màmá. Ó ní òun ti mọ̀ láti ọjọ́ yìí. Búlọ́ọ̀kù tí Bàbá rà, Láwàl tà á nígbà tí Hidayat ọmọ rẹ̀ wà ní ọsibítù. Màmá rí i bó ṣe ń kó o jáde. Kò sọ fún Bàbá. Mo ní kí ló wá dé tó ń sùn níbẹ̀ láti ọdún mọ́kànlá. Ó ní, "Tí mi ò bá sùn níbẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ ni yóò sùn níbẹ̀."
Láwàl ti wà lẹ́nu ọ̀nà báyìí. Ó kó búlọ́ọ̀kù wá. Kò kan ilẹ̀kùn, ó kàn dúró. Màmá ní kí n lọ ṣí i fún un. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Mo ṣì jókòó.