Ìbéèrè Kẹfà

Òpópónà Los Almendros,
Machala,
Ecuador.
19 Oṣù Kẹjọ, 2019.

Hermelinda, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ikọ́ ìyá wa ti lọ, ṣé òtútù Loja yín kò tún ti dá wọn dùbúlẹ̀? Mo gbọ́ pé àbúrò rẹ ti bí obìnrin. Ẹ kú ewu o, Ọlọ́run yóò dá a sí fún wa. Ní tiwa níbí, ooru kò jẹ́ ká gbádùn, ṣùgbọ́n a ń jẹ, a ń mu. Má bínú pé mi ò fèsì lẹ́tà rẹ méjèèjì. Kì í ṣe iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́. Ohun kan wà tí mi ò mọ bí mo ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀ ni.

O rántí ìwádìí tí Dókítà Íñiguez fi mí sí, ti àwọn tí ẹ̀yìn ń dùn. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó ń gbé àpótí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní èbúté máa tètè gbádùn tí a bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, tí a sì ń kọ́ wọn ní eré ìdárayá, ju kí a kàn fún wọn lóògùn kí a ní kí wọ́n lọ dùbúlẹ̀. Iṣẹ́ tèmi ni ìbéèrè. Mẹ́jọ ni, mo sì gbọ́dọ̀ bi olúkúlùkù kó tó wọ inú ìwádìí: ṣé ó ti rù, ṣé ibà ń ṣe é, ṣé ó ṣubú láìpẹ́, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìkẹfà ni èyí tó ń tini lójú: ṣé abẹ́ rẹ̀ ń kú tipiri, ṣé ìtọ̀ ń ṣòro fún un láti tọ̀? Ẹni tó bá ti dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, kò sí ọ̀rọ̀ ìwádìí mọ́. Ọjọ́ náà gan-an ló gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, torí ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ti ń fún àwọn iṣan tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀ pa. Dókítà tẹnu mọ́ ọn títí ó fi sú wa.

Nínú oṣù kẹta, Bàbá Eutimio Cango wọlé wá. O ò mọ̀ wọ́n. Àwọn ló kọ́ mi ní katikísìmù, àwọn ló sì dì mí lọ́wọ́ mú lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gba ara Olúwa, torí bàbá mi ti kú nígbà yẹn. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọ́n wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n lọ̀ dáadáa, wọ́n gbé fìlà lé orúnkún, Ìyá Delfina, ìyàwó wọn, jókòó tì wọ́n. Mo bi wọ́n ní ìkíní títí dé ìkarùn-ún. Bí mo ṣe dé ìkẹfà, ojú tì mí. Báwo ni mo ṣe máa bi ẹni tó kọ́ mi ní àdúrà nípa abẹ́ wọn, lójú ìyàwó wọn? Mo kọ "Rárá" sínú fọ́ọ̀mù, mo bọ́ sí ìkeje.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe eré ìdárayá. Ní ọjọ́ kẹwàá, wọn ò lè dìde lórí bẹ́ẹ̀dì. Àwọn ọmọ wọn sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Guayaquil, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, ṣùgbọ́n àwọn iṣan náà ti kú. Oníṣẹ́ abẹ sọ pé ká ní wọ́n tètè dé ni. Kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n fi padà wálé, pẹ̀lú rọ́bà ìtọ̀.

Dókítà Íñiguez yọ fọ́ọ̀mù wọn, ó bi mí bóyá mo béèrè ìkẹfà. Mo ní mo béèrè. Ó ní ká jọ lọ sílé wọn. Níbẹ̀, ó bi Bàbá bóyá mo béèrè ìkẹfà lọ́wọ́ wọn. Bàbá wò mí, wọ́n wá yíjú sí i.

Wọ́n ní, "Ó bi mí. Èmi ni mo ní rárá."

Ohun tó wọ ìwé nìyẹn: aláìsàn ló fi ọ̀rọ̀ pa mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Delfina ti ń bú wọn. Kò sí ẹni tó wá kí wọn tí ìyá kì í sọ fún pé ìtìjú ni bàbá yìí fi sọ ara rẹ̀ di arọ, pé ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ bi í, ó ń ṣe bí ọba. Èmi náà á jókòó níbẹ̀, àwo ọbẹ̀ ẹja á wà lọ́wọ́ mi. Níbi iṣẹ́, tí mo bá ti ń ka ìbéèrè fún ẹlòmíràn tí mo sì dé ìkẹfà, ẹni tó jókòó síwájú mi á parẹ́, Bàbá ni mo máa ń rí níbẹ̀ pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun yẹn. Ohùn mi á lọ sókè, àwọn èèyàn á máa wò mí. Lọ́jọ́ kan mo bi ọkùnrin kan ní ìgbà mẹ́ta. Ó bi mí bóyá etí mi di ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo lọ bá Dókítà, mo jẹ́wọ́. Kò pariwo. Ó ní kí n fi kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì sílẹ̀ kí n máa lọ. Wọ́n ti dá ìwádìí náà dúró báyìí, wọ́n ń pe gbogbo àwọn tí mo ti bi léèrè padà, lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ibẹ̀ mo gba ilé Bàbá lọ. Ìyá Delfina ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ dúdú ní ilé ìdáná. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ wọn.

Wọ́n ní, "Oṣù márùn-ún ni mo fi ń bú u."

Wọn ò ṣépè fún mi. Wọ́n kàn fi orí júwe yàrá.

Mo kúnlẹ̀ ti kẹ̀kẹ́ náà. Mo bi Bàbá pé kí ló dé tí wọ́n fi gbè mí lẹ́sẹ̀. Wọ́n ní ṣebí ọmọ àwọn ni mí, pé bí àwọn tilẹ̀ sọ òtítọ́, kẹ̀kẹ́ kò ní tìtorí rẹ̀ padà di ẹsẹ̀. Hermelinda, ó yẹ kí n dìde nígbà yẹn kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti fi ń tu ara mi nínú láti oṣù márùn-ún, pé bí mo tilẹ̀ béèrè, ìtìjú ò ní jẹ́ kí wọ́n sọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu wọn. Mo ní, "Bàbá, ká ní mo bi yín, ṣé ẹ máa sọ fún mi?"

Wọ́n ní:

"Ó ti di ọjọ́ kejì tí mi ò rí ìtọ̀ tọ̀ dáadáa nígbà yẹn. Delfina ò mọ̀. Òun gan-an ni mo tìtorí rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Mo ń retí kí o bi mí."

Bá mi kí ìyá wa, kí o sì bá mi gbé ọmọ tuntun náà mọ́ra. Má ka lẹ́tà yìí sí ẹnikẹ́ni létí. Tí o bá máa fèsì, má tù mí nínú. Sọ ohun mìíràn fún mi, ohunkóhun tó ń lọ lọ́dọ̀ yín.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì,
Maruja Apolo.