Irun Ìyá Wa Tí Mo Fi Ọwọ́ Ara Mi Dì

Yàrá ẹ̀yìn, Ilé Ìfọṣọ,
Ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àlàásárì.

Àbúrò mi ọ̀wọ́n, Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé nínú ilé rẹ, kó bá ọ dé ṣọ́ọ̀bù irun rẹ ní òwúrọ̀, kó sì bá ọ padà wálé ní ìrọ̀lẹ́. Mo lérò pé ara rẹ le, pé ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ nítorí ìdúró ti fúyẹ́ díẹ̀, pé baálé rẹ àti àwọn ọmọ wà dáadáa. Èmi náà wà, mo dúpẹ́. Orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn sí mi lẹ́nu mọ́. Tí mo bá fẹ́ gun àtẹ̀gùn, àfi kí n kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àna.

Mo mọ̀ pé wàá yẹ ẹ̀yìn àpò ìwé yìí wò lẹ́ẹ̀mejì kó o tó ya á. Ọdún kẹta rèé tí mi ò kọ̀wé sí ọ, tí ìwọ náà kì í sì fi bẹ́ẹ̀ gbé fóònù mi. Tó o bá tiẹ̀ gbé e, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n mi, ara ń kọ́, ó dàbọ̀," ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Mi ò bá ọ wí. Ọ̀rọ̀ kan wà nídìí ikú ìyá wa tó yẹ kó o gbọ́ láti ọjọ́ yẹn, ẹnu mi ni mi ò sì jẹ́ kó ti jáde. Jọ̀ọ́, jókòó kó o tó kà á. Kì í ṣe ìwé tí èèyàn ń kà nígbà tó bá ń di irun oníbàárà lọ́wọ́.

Màmá tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú lódìkejì ọ̀nà, èyí tó máa ń pè ọ́ ní ìyàwó òun nígbà tó o wà ní kékeré, ti dágbére fáyé. Oṣù tó kọjá ni. Èmi ni wọ́n pè pé kí n wá wẹ̀ wọ́n, nítorí láti ìgbà tí mo ti wẹ Ìyá ni àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí ti máa ń pè mí fún iṣẹ́ yẹn. Omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, aṣọ funfun ti wà nílẹ̀, mo ti ká ọwọ́ aṣọ mi sókè. Àfi bí ọ̀kan nínú ẹbí ṣe ní kí n ṣe sùúrù, pé ọmọ wọn obìnrin ṣì wà lọ́nà. Ara mi ò gbà á. Mo ní sunna Ànábì ni pé ká yára sin òkú. Àfáà Àgbà ló wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ní, "Ìyá Alágbàfọ̀, wọ́n ní ká yára, wọn ò ní ká sáré. Ọmọ wọn ni. Wákàtí kan ò ní ba nǹkan kan jẹ́."

A bá jókòó. Ọmọ náà dé, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kò bára mu. Bí a ti wẹ màmá náà tán, òun ló pín irun wọn sí ọ̀nà mẹ́ta, tó dì í, tó dà á sẹ́yìn orí wọn bí wọ́n ṣe máa ń ṣe fún òkú obìnrin. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ṣe ń dì í. Nígbà tó parí, ojú rẹ̀ rọ̀, bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Èmi dúró ti ògiri pẹ̀lú táwẹ̀lì lọ́wọ́, mò ń wo ohun tí mo jí lọ́wọ́ rẹ.

Jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí Ìyá kú. Mò ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn ní òwúrọ̀, wọ́n di ọrùn ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Oníṣirò, tí mo bá lọ, ìwọ ni kó o wẹ̀ mí, torí ọwọ́ rẹ mọ́. Ṣùgbọ́n irun mi, Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ ni kó bá mi dì í. Ẹ dúró dè é o. Ìwọ, tó o bá di irun èèyàn, ńṣe ló máa ń dà bí okùn tí wọ́n fi so ewúrẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ikọ́ fi gbé wọn. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nǹkan kan nínú mi ti dìde jókòó.

O mọ̀ pé kò sírọ́ nínú orúkọ tí Ìyá fún mi. Láti kékeré ni mo ti ń ka nǹkan. Nígbà àìsàn wọn, láádá mi lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ni mò ń kà, bí mo ṣe ń ka aṣọ oníbàárà: aṣọ bẹ́ẹ̀dì tí mo fọ̀, ọ̀kan, oúnjẹ tí mo fi ṣíbí bọ́ wọn, ọ̀kan, ẹ̀yìn tí mo bá wọn fi òróró pa, ọ̀kan. Ìwọ a wá fún ọjọ́ méjì, o ò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tí Ìyá á ti ní ká gbé dígí fáwọn, kí àwọn lè wo irun tó o máa dì. Èmi tí mo wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, wọn ò bèèrè dígí nítorí tèmi rí. Ọjọ́ tí wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ irun yẹn, lójú mi, ńṣe ni wọ́n tú ẹrù mi, tí wọ́n mú èyí tó dára jù níbẹ̀ fún ẹni tí kò bá mi rù ú.

Lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ni ọlọ́jọ́ dé. Mo pè ọ́, o sì sọ fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè mí. Mo ti ń wọ bàtà. Kí wọ́n tó pe ìrun Àyìlá, mo ti dé." Mo ní mo ti gbọ́. Nígbà tí Àfáà Àgbà wọlé, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé a ṣì ń retí ẹnì kan?" Ojú ferese ni mo wà, mò ń wo òpópónà tí ọkọ̀ rẹ máa gbà wọlé. Mo ní, "Rárá, Àfáà, kò sí ẹni tí à ń retí. Ṣé sunna kọ́ ni pé ká yára?" Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n tiẹ̀ yìn mí lójú gbogbo èèyàn pé mo mọ ẹ̀sìn mi. Inú mi sì dùn, àbúrò mi. Ìyá wa wà nílẹ̀ níbẹ̀, inú mi dùn sí ìyìn.

Mo wẹ̀ wọ́n. Mo wẹ̀ wọ́n dáadáa, ẹ̀tọ́ wọn ni. Nígbà tó kan irun, obìnrin tó ń bá mi bu omi ní kóun dì í, pé òun mọ̀ ọ́n. Mo ní, "Fi sílẹ̀, èmi ni ọmọ wọn." Mo pín in sí mẹ́ta, kò dọ́gba. Èyí tó wà láàárín sanra jù, ti apá òsì tú mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bí okùn ewúrẹ́ náà ló rí, gẹ́lẹ́ bí wọ́n ṣe sọ. Mo fi aṣọ funfun bò ó kíákíá kí ojú mi má bàa rí i pẹ́.

Ìwọ dé nígbà tí wọ́n ń tẹ́ yẹ̀pẹ̀ ojú sàréè. Òòyà onígi rẹ wà lọ́wọ́ rẹ, o ní o ò tiẹ̀ mọ ìdí tó o fi mú un kúrò nílé. O ò pariwo. O kàn bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni Ìyá sọ? Ṣé wọ́n tiẹ̀ dárúkọ mi?" Mo mọ̀ pé ìwọ àti Ìyá jọ fa ọ̀rọ̀ nígbà tó o wá kẹ́yìn, pé ìbínú lo fi kúrò níbẹ̀. Mo mọ ohun tí ìdáhùn mi máa ṣe sí ọ. Mo wò ọ́ lójú, mo ní, "Wọn ò sọ nǹkan kan." Ìwọ wọ yàrá Ìyá, o fi òòyà náà sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì wọn, o lọ, o ò sì padà wá mọ́.

Wá gbọ́ òdodo lónìí. Ìyá ò bínú sí ọ. Ìdájí ọjọ́ tí wọ́n kú, wọ́n la ojú, wọ́n bi mí pé, "Ṣé Ọlọ́wọ́ Ẹ̀rọ̀ ti dé?" Mo ní o ò tíì dé. Wọ́n ní, "Á dé." Lẹ́yìn ìyẹn, orúkọ Ọlọ́hun nìkan ni wọ́n ń pè títí ẹ̀mí fi bọ́. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Mi ò dín in kù, mi ò sì lé e.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń gba ààwẹ̀ ní Àtìní àti Àlàmísì. Mò ń ṣe sàráà lórúkọ Ìyá. Mi ò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí mo bá bá wẹ òkú rẹ̀. Àwọn èèyàn ń kí mi ní kíkí ọ̀wọ̀ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí àwa alágbàfọ̀ mọ̀: tí àbàwọ́n bá wà lára aṣọ, tó o wá fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́ kó o tó fọ̀ ọ́, ooru á sè é mọ́ aṣọ náà lára. Aṣọ á nà, á dán, àbàwọ́n á sì di ara rẹ̀. Mo ti lé àwọn ọmọṣẹ́ kúrò nítorí ẹ̀. Ohun tí mo sì ń fi ọkàn mi ṣe fún odidi ọdún mẹ́ta nìyẹn. Mò ń lọ̀ ọ́, mi ò fọ̀ ọ́.

Nígbà tí wọ́n bá ń ṣe wáásí lórí ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́ ọkàn, mo máa ń wo àwọn ẹlòmíràn. Mo rò pé ọtí ni, tàbí àgbèrè, tàbí ojúkòkòrò àwọn ọlọ́jà. Mi ò mọ̀ pé ó lè fi ìborí borí, kó gba tẹ̀súbáà dání, kó jókòó sí àyà mi, kó máa fi ohùn èmi gan-an sọ pé sunna ni. Lẹ́yìn ìsìnkú màmá oníbọ́tìnnì, mo lọ bá Àfáà Àgbà, mo sì jẹ́wọ́ fún wọn pé mo parọ́ fún wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n wá ní, "Èyí tó jẹ́ ti Ọlọ́hun níbẹ̀, tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ Rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ti àbúrò rẹ, ọwọ́ àbúrò rẹ ló wà. Èmi ò lè bá ọ gbà á."

Ìwé kẹrin tí mo kọ nìyí. Nínú èkíní, mo to gbogbo ohun tí mo ṣe fún Ìyá lẹ́sẹẹsẹ, kó o lè rí i pé o ò sí níbẹ̀. Mo kà á, mo ya á. Nínú èkejì, mo sunkún débi pé ìwọ ni ì bá wá máa rẹ̀ mí lẹ́kún. Mo ya òun náà. Nínú ẹ̀kẹta, mo ní iṣẹ́ Ṣàítánì ni. Ṣàítánì kọ́ ló dá Àfáà lóhùn lójú ferese, èmi ni. Kódà nínú èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ yìí, mo kọ iye ọdún tí mo fi tọ́jú Ìyá sí ibì kan. Mo ti pa á rẹ́. O lè rí ibi tí yíǹkì ti dúdú.

Mi ò ní kó o dárí jì mí kíákíá. Tó o bá fẹ́ bínú, èmi ni kó o bínú sí, ẹ̀tọ́ rẹ ni. Ṣùgbọ́n má bínú sí ara rẹ mọ́, má sì rò mọ́ láé pé Ìyá bínú lọ. Ìbànújẹ́ tí kì í ṣe tìrẹ ni mo gbé lé ọ lórí fún ọdún mẹ́ta, mo sì ń wò ọ́ lókèèrè bó o ṣe ń rù ú.

Ọlọ́hun kó tù ọ́ nínú. Kó fi ìkẹ́ kẹ́ ìyá wa nínú Àlùjánnà, kó bá mi tún irun wọn ṣe níbẹ̀ ju bí mo ṣe dì í lọ. Kó jẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ fẹ́ràn ara wọn láìka nǹkan síra wọn lọ́rùn. Kó má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ rẹ tó rọ̀ yẹn le láé, ì báà jẹ́ sí mi. Àmín.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin kan ṣoṣo,
Oníṣirò.

Àfikún: Mo fi òòyà rẹ ránṣẹ́ pẹ̀lú ìwé yìí. Mo fi aṣọ wé e kí eyín rẹ̀ má bàa kán. Mi ò fi ya irun mi rí. Mo sì ti kọ ìwé kan tó wà lọ́wọ́ Àfáà Àgbà: lọ́jọ́ tí mo bá kú, kí wọ́n dúró dè ọ́ di ìrun tó kàn. Tó o bá wá, ìwọ ni kó o di irun mi. Tó o bá sì ní o ò ní wá, kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹlòmíràn má ṣe bá ọ dì í.