Ìsìnkú Màmá àti Iṣẹ́ Ìràwọ̀ Mi

                                        Ilé Morónkẹ́,
                                        Ṣàpọ́n, Abẹ́òkúta.
                                        Ọjọ́ kejìlélógún, Oṣù Kẹfà, ọdún 2025.

Bọ̀dá Olúṣẹ̀yẹ,

Ẹ kú ọjọ́ Ìsinmi. Ìyàwó yín ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín déédéé? Mo ń kí yín nítorí pé Màmá kọ́ mi ní ìkíni ni o. Tí ẹ bá sì ń wá “ọ̀wọ́n” lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ yín, mo mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni.

Ilé ẹ̀kọ́ tí àwa méjèèjì lọ ní Ìbarà ló pè mí lọ́jọ́ Ẹtì pé kí n sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe láti ọdún méjìdínlógún. Mo sọ fún àwọn ọmọ pé àwọn àgbájọ ìràwọ̀ tí mò ń wò jìnnà débi pé ìmọ́lẹ̀ wọn ti wà lójú ọ̀nà kí ilẹ̀ ayé yìí tó wà rárá. Ọmọbìnrin kan bi mí pé ṣé kì í ṣe pé àwọn ìràwọ̀ náà ti kú báyìí. Mo ní púpọ̀ nínú wọn ti kú. Ibẹ̀ ni ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ alága ẹgbẹ́ òbí ti dìde, tí ẹ gba máíkì, ẹ ní: “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ wo obìnrin tó mọ̀gbà tí ìràwọ̀ kú, tí kò mọ ọjọ́ tí wọ́n sin ìyá ẹ̀.” Àwọn olùkọ́ wolẹ̀. Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín.

Ẹ ò sọ ìyókù fún wọn. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, mo wà lórí òkè kan ní orílẹ̀-èdè Ṣílè, níbi tí wọ́n ti fún mi ní ọjọ́ mẹ́rin péré nídìí awò ńlá tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀, èyí tí mo ti ń tọrọ fún ọdún méjì. Mo pè yín láti béèrè àìsàn Màmá. Ẹ ní ara Màmá ti ń le, kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì tó kọjá yìí ni Morónkẹ́, ọmọ àbúrò Màmá, ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé Màmá ti lo ọjọ́ méjì ní mọ́ṣúárì nígbà tí mo pè yín, pé ẹ̀yin lẹ kìlọ̀ fún gbogbo ẹbí kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi. Lẹ́yìn ìsìnkú lẹ fi àwòrán sàárè ránṣẹ́.

Nígbà tí mo wá bá yín lánàá, ẹ ń fọ mọ́tò, ìyàwó yín sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo ní, “Bọ̀dá, kí ló dé tẹ́ ẹ ò pè mí?” Ẹ ò tiẹ̀ wojú mi. Ẹ ní, “Ká ní mo pè ọ́, ṣé wàá fi ìràwọ̀ ẹ sílẹ̀ wá ni?”

Láti àná ni mo ti ń gbìyànjú láti dáhùn. Ó wù mí kí n búra pé ǹ bá wá. Mi ò lè búra. Bóyá ǹ bá wọ bàálù lọ́jọ́ náà gan-an. Bóyá ǹ bá dúró parí ọjọ́ mẹ́rin mi, kí n sì máa ru ẹ̀bi rẹ̀ kiri. Èmi ni ǹ bá yan èyí tí mo fẹ́. Ẹ bá mi yàn án, ẹ wá ń fi í bú mi níwájú ọmọ ọlọ́mọ.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ní kí n padà wá lọ́jọ́rú. Mo máa lọ. Tí ẹ bá wá, n ó bi yín níṣojú gbogbo wọn, ọjọ́ wo ni Màmá kú, ọjọ́ wo lẹ sọ fún mi. Ẹ yáa jókòó sílé yín.

Ẹ bá mi kí ìyàwó yín. Òun nìkan ló sunkún lánàá.

Èmi ni àbúrò yín, kò sí ohun tí mo lè ṣe sí ìyẹn,

Adébímpé.