Ohun tí Jẹ̀lílì Jogún Lọ́dọ̀ Màmá Wa

                                        Ojúlé Kejìlá, Òpópónà Ifẹ́lódùn,
                                        Ìbàfò,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        19 Oṣù Kẹsàn-án, 2006.

Kúlúsúmù, àbúrò mi àtàtà,

Àlàáfíà fún ọ o. Ara ńkọ́, ẹrù inú ńkọ́? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ará ilé rẹ ní Ìfọ̀ ńkọ́? Ṣé ẹsẹ̀ tó wú ti ń lọ sílẹ̀? Mo gbọ́ pé gúgúrú lo fi ń ṣe oúnjẹ àárọ̀. Ṣọ́ra kí ọmọ yẹn má ta jáde bí àgbàdo inú ìkòkò.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kọjá ti orí fóònù, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bíírò. Jọ̀ọ́, jókòó kí o tó kà á. Jẹ̀lílì arákùnrin wa wà láàyè, ìyẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ.

O rántí ìgbà tí inú rírun àti ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ kò jẹ́ kó gbádùn ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà rẹ̀ ní Mówè mọ́, tí dókítà ní ìfun rẹ̀ ló ń wú, tó sì ń dá egbò. Wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, wọ́n sì wọn ohun tó kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀ fún un: oògùn ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ àti abẹ́rẹ́ fítámínì lóṣooṣù. Ara rẹ̀ ti ń balẹ̀. Àfi bí Ìyá Dárasími, tó ń gbé yàrá kejì sí tiwa, ṣe gbé tirẹ̀ dé. Irú àìsàn yẹn ló ń ṣe òun náà, fítámínì C ńlá-ńlá tó ń hó nínú omi ló sì gbé e dìde. O mọ ilé wa, ohun tó bá ti ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan, gbogbo ilé ló ń lò ó. Ó bu ìdajì fún Jẹ̀lílì. Ìfẹ́ ni, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn.

Jẹ̀lílì ń mu ún bí ẹní mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Kò pẹ́, ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi kóòkì. Kúlúsúmù, ṣé o mọ ohun tí a ṣe? A dúpẹ́. Ìyá Dárasími ní ìdọ̀tí inú ìfun ló ń jáde, kó fi kún un. Ó lọ jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Màmá dín àkàrà, ó fi ṣe sàráà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Èmi náà jẹ níbẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ ló ṣubú níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Ẹyinjú rẹ̀ ti di yẹ́lò. Nígbà tí a gbé e dé ọsibítù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti fọ́ débi pé ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ni wọ́n fà sí i lára. Dókítà obìnrin kan ṣàlàyé pé ohun kan wà tó máa ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, ti Jẹ̀lílì kò tó láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Fítámínì tó gbé Ìyá Dárasími dìde ló fọ́ tirẹ̀. Ó ní ọ̀dọ̀ ìyá ni ọmọkùnrin ti ń jogún rẹ̀, kì í sì í sábà ṣe ìyá náà ní nǹkan kan.

Dókítà bi Màmá bóyá ó ti bí ọkùnrin mìíràn rí. Màmá sọ ti Mùízz, ẹ̀gbọ́n Jẹ̀lílì, tó kú ní ọmọ ọ̀sẹ̀ kan, tí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n. O ò tíì dáyé nígbà náà. Dókítà bi í ní ohun tó fi tọ́jú aṣọ ọmọ náà. Ó ní káńfọ̀ ni, funfun yẹn tí a ń jù sínú àpótí kí kòkòrò má baà débẹ̀. Dókítà ní káńfọ̀ náà lè fọ́ irú ẹ̀jẹ̀ yẹn lára ọmọ tuntun, ṣùgbọ́n òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló pa á. Màmá wá ní:

"Orogún mi ni mo ń pè lápànìyàn láti ọjọ́ yẹn."

Jẹ̀lílì ti ń mu ẹ̀kọ báyìí, Ọlọ́run ṣeun. Ìyá Dárasími ni kò yéé sunkún, Màmá ló sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Màmá ní kí n má kọ ti Mùízz sí ọ nítorí oyún inú rẹ. Mi ò gbọ́. Dókítà ní èmi àtìwọ náà lè gbé àìsàn ẹ̀jẹ̀ yìí sára láìmọ̀, obìnrin nìkan ni èmi sì bí.

Bá mi kí ọkọ rẹ. Kí ìyá ọkọ rẹ náà, mo mọ̀ pé wọ́n ti kó aṣọ ọmọ pa mọ́ dè ọ́. Bó bá jẹ́ ọkùnrin, má jẹ́ kí wọ́n wọ aṣọ àpótí fún un. Sọ fún nọ́ọ̀sì pé o ní ẹ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Mùízz.

                                        Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tí oorun ti dá lójú rẹ̀,
                                        Hàfísátù.