Ẹja Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Rẹ

Sí Rosaura, ọmọ mi àtàtà, àkọ́bí Nicanor,

Ṣé dáadáa ni lẹ́tà yìí bá ẹ ní Guadalajara? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ò ń jẹun, ṣé o ṣì ń wọ súwẹ́tà tí mo hun fún ẹ? Ìlú ńlá kò ní gbé ẹ mì, ọkọ̀ tí kò rí iwájú kò ní rí ìwọ náà, Wúńdíá Màríà á máa ṣọ́ ẹ lọ, á máa ṣọ́ ẹ bọ̀. Àmọ́ ìwọ náà ṣọ́ra, ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ní ti àwa, àlàáfíà la wà, àfi orúnkún mi tó máa ń ta mí bí òjò bá fẹ́ rọ̀. Àgbébọ̀ dúdú yẹn pa ọmọ mẹ́sàn-án. Bàbá rẹ ṣì ń hanrun tí àjà ilé ń mì.

Mo rí àwọn ojú róbótó mẹ́ta tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù, tí omijé ń dà lójú wọn. Mo ti tan àbẹ́là nítorí ẹ, mo ti gbààwẹ̀ títí di ọ̀sán, kí Eladio bàbá ìsàmì rẹ tó sọ fún mi pé ẹ̀rín ló ń pa wọ́n. Ọmọ mi, tó o bá ń rẹ́rìn-ín, jọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín, má máa sunkún sí i.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi dé ìdí bébà nìyí. O rántí pé nígbà tó o wà ní kékeré, tí bàbá rẹ bá ti òkun dé, ẹja àkùràkudà máa ń sùn lọ bẹẹrẹ lórí iyanrìn láti ẹnu ọkọ̀ wa títí dé ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, tí a ó máa gbẹ́sẹ̀ lé wọn kọjá, tí àwọn tó ń ra lẹbẹ́ wọn á ti gbé mọ́tò dúró. A rò pé òkun ò nísàlẹ̀. Rosaura, òkun nísàlẹ̀ o, a ti fọwọ́ kàn án. Nísinsìnyí, bàbá rẹ lè lo odindi oṣù kan kí wọ́n tó rí ẹyọ kan, ìyẹn náà á sì jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ní ti olórí òòlù, àwọn tí orí wọn fẹ̀ gbọọrọ sọ́tùn-ún sósì, ọdún mẹ́jọ gbáko la ò fojú kàn wọ́n.

Àfi ní oṣù Fẹ́búárì tí ìyá ńlá olórí òòlù kan há sínú àwọ̀n bàbá rẹ, tòun toyún. Itzel wà nínú ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, ọmọbìnrin yunifásítì tó ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ẹja, tó máa ń jẹ tortilla àgbàdo mi mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan. Eladio ń pariwo láti inú ọkọ̀ tiẹ̀ pé owó dé. Bàbá rẹ wo ikùn ẹja náà, wọ́n ní táwọn bá pa eléyìí, kí làwọn máa sọ fáwọn ọmọ pé olórí òòlù jẹ́? Wọ́n fa ọ̀bẹ yọ, àwọ̀n ni wọ́n gé. Láti ọjọ́ náà ni Eladio ti ń pè wọ́n ní àlùfáà ẹja.

Kí ẹja náà tó lọ, Itzel so fóònù kan mọ́ ọn lẹ́yìn. Mo mọ̀ pé fóònù ni, torí bó bá ti yọrí sókè, á pe ohun kan lójú ọ̀run, ohun náà á wá sọ ibi tó wà fún fóònù Eladio, wàá rí àmì pupa kan tó ń tàn lórí àwòrán òkun. Mi ò mọ ẹni tó ń ra káàdì sí i, àmọ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ dáa ju tiwa lọ. Fọ́ọ̀mù sì wà tí bàbá rẹ kọ. Níbi tí wọ́n ti béèrè orúkọ ẹja, Rosaura ni wọ́n kọ sí i. Inú bí mi díẹ̀. Bàbá rẹ ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, pé ẹja náà ń lọ sọ́nà jíjìn bíi tìẹ. Níbi tí ẹlẹ́rìí ti ń fọwọ́ sí i, mo kọ orúkọ tèmi, mo sì fi kún un pé èmi ni ìyá rẹ̀, kí wọ́n má baà mú un kúrò lórílẹ̀-èdè yìí láìsọ fún wa.

Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, bàbá rẹ á gba ilé Eladio lọ, wọ́n á béèrè pé Rosaura ńkọ́. Wọ́n á padà wá sọ fún mi pé Rosaura ti kọjá erékùṣù, pé Rosaura ti ń darí bọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta kì í kọjá kó má pè. Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o.

Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọdún Pétérù Mímọ́, mo ń ṣẹ́gi létí omi, mo rí ohun dúdú kan tó rí bí àlùbọ́sà, irun gígùn kan ṣoṣo ló hù lórí rẹ̀. Ó wù mí. Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sẹ́sẹ̀ ère Wúńdíá lójú fèrèsé, mo ní ẹ̀bùn òkun ni.

Lọ́jọ́ kejì, ilé kún. Eladio ló ṣíwájú. Ó ní kí àlùfáà ẹja jáde wá, pé Rosaura wà nínú ilé wa, pé orí òrùlé wa gan-an ni àmì pupa náà jókòó lé, pé tá a bá máa jẹ ẹja tá a fi ń wàásù fáwọn, ó yẹ ká pe àwọn sí i. Ọbẹ̀ ẹja sì ni mò ń sè lóòótọ́! Wọ́n fi ṣíbí wá orí òòlù kiri inú ìkòkò mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Eladio tọ́ ọ wò kó tó ní kì í ṣe òun. Èyí tó dùn mí jù ni pé bàbá rẹ náà yíjú wò mí. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n tí mo ti ń dáná fún wọn, wọ́n rò pé mo lè gbé àkùràkudà wọlé kí n má sọ.

Bàbá rẹ ní àwọn á búra níwájú Wúńdíá. O mọ̀ wọ́n, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń kí Wúńdíá. Lọ́jọ́ yìí wọ́n wọlé, wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbọ́wọ́ sókè, wọ́n yanu. Ìbúra ò jáde, igbe ló jáde. Àlùbọ́sà mi ni wọ́n nàka sí, àṣé fóònù ẹja náà ni.

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Bàbá rẹ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ẹni tó pa á ló já fóònù rẹ̀ sọ sómi. Fún ọjọ́ mẹ́ta wọn ò jẹun gidi, wọn ò hanrun, ìdákẹ́jẹ́ náà ò sì jẹ́ kí n sùn. Mo sunkún díẹ̀ nínú ilé ìdáná, nítorí orúkọ yẹn.

Ìgbà tí Itzel fi bọ́ọ̀sì dé, ó gba àlùbọ́sà náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní bí oṣù rẹ̀ bá pé, fúnra rẹ̀ ló máa ń já, pé òun ti sọ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀. Bàbá rẹ ní ẹja làwọn ń wò nígbà yẹn. Kò sẹ́ni tó pa á! Itzel so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, àṣé gbogbo ìrìn àjò ni nǹkan náà ti kọ sínú. Ó ní ọjọ́ méjìlá tó kẹ́yìn, Rosaura fi ibú sílẹ̀, ó wá sínú omi gbígbóná tí kò jìn, lẹ́nu igbó orí omi tiwa níhìn-ín, pé aboyún kì í débẹ̀ wá ṣeré. Ó ní olórí òòlù máa ń tó ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí wọ́n tó bímọ, òun la ṣe ń pa wọ́n tán kí wọ́n tó bí. Ó ní orúkọ wọn ti wọ ìwé àwọn ẹranko tó fẹ́ parẹ́ láyé. Mo bi í bóyá ká mú adìyẹ kan lọ bẹ akọ̀wé kó pa orúkọ náà rẹ́. Ó wò mí, ó ní ọwọ́ àwa gan-an ni ìpa-rẹ́ náà wà.

Ní ìdájí, bàbá rẹ fi àjẹ̀ wakọ̀ lọ síbẹ̀, wọn ò tan ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí oòrùn là wọ́n dé, wọ́n na ìka méje sókè láti ọ̀ọ́kán. Wọ́n ní ọmọ Rosaura méje làwọn rí, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn láti ìgúnpá dé ìka, orí wọn dà bí òòlù ìṣeré ọmọdé. Wọ́n bá bú sẹ́kún níṣojú gbogbo ayé. Ẹnu ibẹ̀ gan-an sì ni àwọ̀n Eladio wà. Gbogbo wa yíjú sí Eladio. Ó họrí, ó họ̀dí. Ó ní òun lòun gbé Rosaura lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìsàmì, ẹnì kan ò ní gbọ́ ọ pé òun fi àwọ̀n kó àwọn ọmọ ẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló lọ ká àwọ̀n náà.

Nítorí náà, ọmọ mi, owó. Bàbá rẹ ní àwọn ò fi àwọ̀n ńlá dẹ àkùràkudà mọ́, mo ti fi ṣe ọgbà fáwọn adìyẹ. Ìwọ̀ ni wọ́n fẹ́ fi máa pa ẹja pupa. Fi owó ìwọ̀ àti okùn ránṣẹ́, ìwọ̀nba tí ọwọ́ rẹ bá ká. Má fi gba ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ inú ògiri báńkì yẹn o. Ó béèrè nọ́ńbà àṣírí mi nígbà tí ọkùnrin kan wà lẹ́yìn mi, mo bo ẹnu, mo sọ ọ́ sí i létí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò dá mi lóhùn. Gbé e fún awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ní eyín góòlù.

Ọwọ́ rẹ á máa ròkè. Ohun tó o bá gbé kalẹ̀ á gbèrú, ibú kò ní mú ẹ, àwọ̀n ayé kò ní há ẹ.

Ó ku ẹyọ kan. Lánàá, bàbá rẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n bi mí pé Rosaura ńkọ́. Mo ní Itzel sọ pé á ti padà síbú. Wọ́n ní kì í ṣe ẹja làwọn ń béèrè.

Máa bọ̀ nílé, ọmọ mi.

Ìyá rẹ,
Hermelinda