Jíìpù Tí Bùrọ̀dá Fọ̀ Kí Wọ́n Tó Dá A Padà

Sátidé, lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́

Látìgbà tí Bùrọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, ti gbé jíìpù mi padà dé láti oko wọn ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ni sítíárìn rẹ̀ ti ń gbọ̀n lọ́wọ́ mi. Wọ́n fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní kí wọ́n tó gbé e wá. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ ṣé, sà."

"Táyà ni," ni wọ́n ń sọ. Mo pààrọ̀ táyà, ó ṣì ń gbọ̀n.

Lónìí, mo fi jáàkì gbé e sókè nínú ọgbà, mo nà gbalaja sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá irin tó so táyà iwájú méjèèjì pọ̀ ti ṣẹ́ rí! Wẹ́dà ti jó o pọ̀, ó sì fi ọ̀dà dúdú bò ó. Èmi àti Bùrọ̀dá nìkan la sì ń wa jíìpù yìí.

Bùrọ̀dá, tó wá kí wa, dúró tì mí. Mo dìde, mi ò sọ ohun tí mo rí. Mo kàn ní, "Bùrọ̀dá, ẹ wọlé, kí n gbé yín délé."

"Rárá o, màá gun ọ̀kadà."

Ọmọ ìyá mi, tí a jọ mu ọmú kan náà! Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ìṣojú rẹ̀ ni mo ṣe gbé Màmá wa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nínú jíìpù yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló bá Màmá ti ilẹ̀kùn.