Orúkọ Tí Wọ́n Fi Pè Mí Níbi Ìkórè

Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì
14 Nòfẹ́ńbà, 1978

Bọ̀dá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí ìyàwó wa àtàwọn ọmọ. Ẹ kú òtútù Jọ́ọ̀sì. Orúnkún tó ń dun Ìyá wa ti ń san. Ìpara tí ẹ fi ránṣẹ́ ni wọ́n fi ń ra á. Iṣu ti dọ̀pọ̀ ní Ọjà Ọba.

Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé nìyí. Ẹ mọ̀ pé orúkọ àkọ́bí ni wọ́n fi ń pe obìnrin jáde níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa. Odindi ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti ń pe èmi tí n kò bímọ ní "Ìyàwó Bámidélé" lẹ́yìn gbogbo wọn, orí mi á wà nílẹ̀ bí orí ẹni tó jalè. Lọ́dún yìí, mo ní kí akọ̀wé kọ orúkọ èmi gan-an, Monínúọlá. Ó ní, "Ìyá ta ni ká kọ?" Mo ní, "Ọmọ Ọlọ́run ni kẹ́ ẹ kọ. Kí Jésù tó pè mí ní tirẹ̀, kò bi mí ní iye ọmọ tí mo bí."

Bọ̀dá, wọ́n pè é ketekete! Mo jó dé iwájú pẹpẹ. Ìyá wa gbàgbé orúnkún, wọ́n dìde bá mi jó.

Ẹ ní ẹ ó fi Títílayọ̀ ọmọ yín ránṣẹ́, kí n lè rí orúkọ jẹ́, kí ojú yé tì mí. Ẹ ṣeun, Olúwa á dá yín sí fún wa. Ẹ jẹ́ kó máa bọ̀, mo fẹ́ràn rẹ̀. Àmọ́ ìtìjú tí ẹ ní kó wá bò, kò sí nílé wa mọ́.

Èmi àbúrò yín,
Monínúọlá